Òkè Ńlá, Fótò Kékeré

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo ẹni tó bá ti gba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kọjá ló mọ bí Olósùnta, àpátà ńlá ìlú náà, ṣe rí. Ó dúró gbagidi, ó ga, ó fẹ̀, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dun èèyàn kó tó rí ṣóńṣó orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo fótò tí wọ́n ń yà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé sórí Facebook àti WhatsApp lẹ́yìn ìgbéyàwó tàbí lásìkò ọdún. Ẹni tó wà níwájú hàn kedere, aṣọ rẹ̀ hàn, bàtà rẹ̀ hàn. Àpátà ẹ̀yìn rẹ̀ wá dà bí òkúta tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà tó dáa ni, fóònù tuntun ni. Ta ló wá gbé òkè lọ?

Ìdáhùn tí àwọn tó ń ta kámẹ́rà máa ń fúnni ni pé kéèyàn ra lẹ́ńsì tó fẹ̀ sí i, kó lè gba gbogbo òkè wọlé. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn yẹn ló tún ń ba nǹkan jẹ́ jù. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ á gba òkè wọlé lóòótọ́, àmọ́ ní kékeré ni yóò gbà á wọlé. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ bá òkè jà mọ́, wọ́n á kàn sọ ẹ̀yìn di bàìbàì, ó parí. Oníbàárà gan-an ló ń bẹ̀ wọ́n: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀ rí bàìbàì bíi ti Instagram.” Bọ̀dá á ṣe é, á gbowó rẹ̀. Ìyàwó tó ya fótò lẹ́sẹ̀ Olósùnta àti èyí tó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan ní Lẹ́kì á wá di ìkan náà.

Ẹsẹ̀ ló ń ṣe é

Lẹ́ńsì kọ́ ló ń pinnu bí ohun tó wà níwájú ṣe tóbi tó sí ohun tó wà lẹ́yìn. Ibi tí ayàwòrán dúró sí ni. Iṣẹ́ lẹ́ńsì ò ju kó gé díẹ̀ mú nínú ohun tí ojú ń rí láti ibẹ̀. Ẹ dúró lójú kan, ẹ fi lẹ́ńsì 24mm tó fẹ̀ yà, ẹ tún fi lẹ́ńsì 85mm tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ra yà, kí ẹ wá gé àárín fótò àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bí èèyàn ṣe tóbi tó sí òkè kò ní yí padà rárá. Èyí tí ẹ gé kàn ò ní í mọ́ tó èkejì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dán an wò. Ká ní àpátà kan fi mítà 150 ga ju ibi tí a dúró sí, ó sì jìnnà sí wa ní mítà 600. Ẹni tí a fẹ́ yà ga ní mítà 1.7. Kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó fi ń gba àwòrán jẹ́ 36mm sí 24mm) la mú dání, a gbé e dúró lóòró, lẹ́ńsì 24mm ló wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí kò jìnnà sí lẹ́ńsì 1x tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù. Bí a bá dúró ní mítà 3 sí ẹni náà, yóò gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gíga fótò. Àpátà á gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Èèyàn ti fi ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ju òkè lọ.

Níbí ni gbogbo nǹkan ti ń yí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà dúró síbi tó wà. Ayàwòrán ni kó máa fà sẹ́yìn, títí mítà 3 á fi di mítà 20. Mítà 17 péré ló rìn. Lójú àpátà tó ti wà ní mítà 600 tẹ́lẹ̀, mítà 17 ò jẹ́ nǹkankan, bó ṣe tóbi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wà. Lójú èèyàn tó wà níwájú, ìyàtọ̀ ńlá ni, nítorí ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́fà. Kí ayàwòrán wá bọ́ 24mm sílẹ̀, kó fi 85mm sí i. Ẹni yẹn á gba ìdá kan nínú márùn-ún gíga fótò, aṣọ òkè rẹ̀ á ṣì hàn dáadáa. Àpátà á gba ju ìdajì fótò lọ. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì tó ń sún (zoom) ni ẹ ń lò, ẹ máa sún un bí ẹ ṣe ń fà sẹ́yìn, kí ẹ má gbójú kúrò nínú kámẹ́rà bí ilẹ̀ ẹ̀yìn yín bá tẹ́jú. Ẹ ó rí i bí òkè ṣe ń dìde lẹ́yìn èèyàn náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gba ojú ọ̀run mọ́ ọn lórí. Òkè ò kúrò níbi tó wà, oníbàárà náà ò sún.

Igi gàǹgànran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn àgbà ò sọ̀rọ̀ fótò, àmọ́ ó bá a mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á fà sẹ́yìn, wọn ò ní pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ní mítà 20, lẹ́ńsì 24mm á sọ èèyàn di ìdá kan nínú méjìdínlógún gíga fótò. Ẹni tó sanwó ò ní gbà á lọ́wọ́ yín, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Bí fóònù yín bá ní lẹ́ńsì 3x, òun ni kí ẹ lò. Bí kò bá ní, ẹ ya 2x, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún gígé. Fótò náà ò ní mọ́ tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òkè á wà níbẹ̀.

Mítà 20 tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀kadà á máa kọjá láàárín, ọmọdé á dúró wòran, ẹni tí ẹ ń yà ò sì ní í gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó fi íyápíìsì sí etí lábẹ́ gèlè. Ìyẹn dára ju kí gbogbo àdúgbò máa gbọ́ “gbé àgbọ̀n sókè” lọ.

Kí iwájú mọ́, kí ẹ̀yìn náà mọ́

Òkè tí a ti gbé dìde, kò yẹ ká tún fi lẹ́ńsì pa á rẹ́. Pẹ̀lú 85mm ní f/8 (nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì ni f; bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò náà ń kéré sí i), bí fókọ́ọ̀sì bá wà lára ẹni tó wà ní mítà 20, ohun tó máa mọ́ dáadáa á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 12 dé mítà 60. Òkè ò sí nínú rẹ̀. Kò ní di bàìbàì pátápátá, àmọ́ ojú tó já fáfá á rí i pé ó rọ̀. Ẹ pa ojú lẹ́ńsì dé f/11, kí ẹ gbé fókọ́ọ̀sì kọjá ẹni náà díẹ̀, sí nǹkan bíi mítà 22. Láti mítà 11 lọ títí dé òpin ojú ọ̀run ló máa mọ́. Ẹ má tìtorí pé f/11 dára kí ẹ sáré lọ sí f/22. Tí ihò lẹ́ńsì bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ̀ bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá, gbogbo fótò á rọ̀, iwájú àtẹ̀yìn. Bí kámẹ́rà bá wà lọ́wọ́ lásán, ẹ má jẹ́ kí ìṣísílẹ̀ ojú rẹ̀ lọ́ra ju 1/125 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) 200 tàbí 400 á gbé e.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi ewé tàbí òkúta ilẹ̀ ṣe iwájú fótò pẹ̀lú 24mm, ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ní f/8, ẹ gbé fókọ́ọ̀sì sí mítà 2.4, ohun gbogbo láti mítà 1.2 lọ á mọ́.

Fóònù ò nílò gbogbo èyí. Ojú tó fi ń gba àwòrán kéré, nítorí náà iwájú àti ẹ̀yìn ti máa ń mọ́ pọ̀ fúnra wọn. Bàìbàì tí ẹ ń rí nínú fótò rẹ̀, ìṣirò ni ó fi ń ṣe é. Ó ń méfò ibi tí ara èèyàn parí sí, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣìnà. Á jẹ etí gèlè lọ, á gé etí kan lára fìlà abetí-ajá, àyè tó wà láàárín ìgúnpá àti ìbàdí á sì mọ́ kedere nígbà tí gbogbo ìyókù ẹ̀yìn ti di bàìbàì. Ẹ pa ètò bàìbàì yẹn nígbàkígbà tí ẹ̀yìn bá ní nǹkan láti sọ.

Ọlọ́wẹ̀ ti ṣe é nínú igi

Ìkẹ́rẹ́ kan náà yìí ni ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù ti ṣiṣẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí wọ́n bí ní Èfọ̀n-Aláayè, tó sì kú ní nǹkan bíi 1938, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Ẹ wá fótò rẹ̀ wò. Níwájú, lẹ́sẹ̀ ọba, àwọn èèyàn kéékèèké wà: ọ̀kan kúnlẹ̀, ọ̀kan ń fun fèrè. Ọba jókòó láàárín pẹ̀lú adé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayaba dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára àga, ó ga fíofío ju ọba lọ.

Iwájú ló kéré jù, ẹ̀yìn ló tóbi jù. Ká ní ẹnì kan fi lẹ́ńsì fífẹ̀ ya irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ láti mítà kan, ẹni tó kúnlẹ̀ ni yóò tóbi jù lọ nínú fótò, ayaba á sì sá lọ sẹ́yìn. Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pinnu ẹni tó máa tóbi, nítorí igi ń gbọ́ràn sí gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́nu. Kámẹ́rà kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àyè tí a fi sáàárín ara wa àti ẹni tí a ń yà nìkan la fi lè bá a sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ mítà 17 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ẹni tó ya èèyàn láti mítà 3 sọ pé èèyàn yìí ló ṣe pàtàkì, ìlú kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó fà sẹ́yìn dé mítà 20 sọ pé ọmọ ibí yìí ni, ìlú rẹ̀ ló dúró tì í. Méjèèjì ló níbi tó wúlò sí. Fótò páásípọ́ọ̀tù ò nílò òkè. Àmọ́ ẹni tó wakọ̀ láti Èkó wá sí Ìkẹ́rẹ́ nítorí àtiya fótò, mo rò pé èkejì ló wá wá.

Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ British Museum. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fún Ògògà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Àwọn èèyàn tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn yọrí jáde kúrò nínú igi, orí àti àyà wọn tẹ̀ síta. Síbẹ̀, kò fi ilẹ̀ ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ lásán. Ó fín in, ó kùn ún. Iwájú hàn nítorí pé ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ya irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tàbí òpó ààfin èyíkéyìí, ẹ pa fíláàṣì orí kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú wá tààrà á pa gbogbo òjìji rẹ́, iṣẹ́ tó yọrí á wá tẹ́ bíi bébà. Ẹ dúró de ìgbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wá. Bó bá jẹ́ inú ilé ni, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mú iná fóònù dání lápá òsì tàbí ọ̀tún, kó jìnnà tó mítà kan, kó má sì dojú kọ iṣẹ́ náà gan-an.

Àlàfo

Nǹkan iwájú, nǹkan àárín, nǹkan ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ fótò ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò sì jìn, torí pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Òpó iná hù jáde láti orí ìyàwó. Orí ọkọ wọnú òjìji igi, kò sí ẹni tó mọ ibi tí irun parí sí. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àlàfo díẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ọ̀run, ì báà jẹ́ ògiri tó mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ.

Bí ẹni tí ẹ ń yà bá wà ní mítà 3, tí òpó iná wà ní mítà 15, ẹ fi ẹsẹ̀ kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Òpó á yẹ̀ kúrò lẹ́yìn orí rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 24, ó ti tó. Àmọ́ ẹ rántí pé a ti fà sẹ́yìn. Láti mítà 20, tí òpó kan náà wà ní mítà 32 sí yín, sẹ̀ǹtímítà 30 kò ní fún yín ju 11 lọ, òpó á ṣì wà lórí. Ó di kí ẹ yẹ̀ tó mítà kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yà kì í fi í dúró gírígírí lẹ́yìn kámẹ́rà. Wọ́n á lọ sọ́tùn-ún, wọ́n á lọ sósì, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Gíga kámẹ́rà náà ń dá àlàfo sílẹ̀, ọjà sì ni èèyàn ti ń mọ̀ ọ́n jù. Ní Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì, bí kámẹ́rà bá wà níbi tí ojú wà, gbogbo orí ló máa tò sórí ìlà kan ṣoṣo: ẹni tó wà ní mítà 3, ẹni tó wà ní mítà 6, ẹni tó wà ní mítà 12. Èyí iwájú á bo ìyókù. Ẹ gun òkè ní mítà kan péré, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró. Ẹni ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lókè ẹni iwájú, ìpele lórí ìpele, tó fi mọ́ abọ́ ata àti agbọ̀n tòmátì. Ẹ má gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta o. Láti ibẹ̀, orí agboòrùn nìkan lẹ máa rí, ojú èèyàn á ti lọ. Ẹ sì lọ kí oòrùn tó mú, nítorí tí wọ́n bá ti ṣí agboòrùn tán, ibi gíga yẹn ò wúlò mọ́. Ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. “Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ ẹ̀ ní bínú, mo fẹ́ ya ọjà yín díẹ̀.” Bí màmá bá ní rárá, rárá ni.

Ohun tó bá wà níwájú pátápátá, bí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ka igi tàbí etí páànù, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn ju àárín lọ. Ojú èèyàn ibi tó mọ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá. Ewé tí oòrùn ń tàn sí ní ìwọ̀n mítà kan sí kámẹ́rà á di àbàwọ́n funfun, á sì gba fótò lọ́wọ́ ẹni tí ẹ torí rẹ̀ wá.

Ọyẹ́

Àwọn ayàwòrán púpọ̀ ni kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ níta lásìkò ọyẹ́. Wọ́n ní ojú ọ̀run ò dáa, kò sí àwọ̀ búlúù. Èmi ò bá wọn gbà á. Eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń bá wa pín òkè sí ìpele. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà tó ni eruku tó wà láàárín wa ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe máa funfun tó. Ní Èfọ̀n-Aláayè, níbi tí òkè ti yí ìlú ká, páànù tó dípẹtà níwájú á dúdú, òkè àkọ́kọ́ á rí bí eérú, èyí tó tẹ̀ lé e á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ mọ́ tónítóní, òkè tó jìnnà máa ń dúdú bíi ti tòsí, gbogbo wọn á sì lẹ̀ pọ̀ bí ògiri kan ṣoṣo àfi tí oòrùn bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn.

Bí ọyẹ́ bá nípọn jù, àpátà mítà 600 lè má hàn rárá. Ẹ wá ibi tó sún mọ́ ọn, bíi mítà 200, kí ẹ tún ìṣirò ṣe. Kámẹ́rà náà á tún fẹ́ sọ gbogbo ìfunfun yẹn di eléérú, nítorí náà ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, láti +0.3 sí +0.7, kí ẹ sì máa wò ó kí aṣọ funfun má lọ funfun jù débi tí iṣẹ́ ara rẹ̀ ò ní hàn mọ́.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni orí kọ̀ǹpútà. Èèyàn á ti ya fótò ọyẹ́ tó jìn, á délé, á fa Dehaze (irinṣẹ́ tó ń nu eruku àti ìkùukùu kúrò nínú fótò) dé 60, gbogbo òkè ẹ̀yìn á sáré wá síwájú. Bí iwájú bá rọ̀ jù, iwájú nìkan ni kí ẹ fi masking (yíya apá kan fótò sọ́tọ̀) mú, kí ẹ fún un ní Dehaze bíi 10 sí 15, kí ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fótò náà di aláwọ̀ dúdú àti funfun fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dín in kù lórí ojú kọ̀ǹpútà títí kò fi ní ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí iwájú, àárín àti ẹ̀yìn bá ṣì dá yàtọ̀ síra, ẹ dá àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti dàpọ̀, ẹ dín ohun tí ẹ fi kún un kù.